Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò: Ìfòyà Àwọn Kìrìsìtẹ́nì nípa Ìṣọ̀kan Ẹ̀sìn ní Mainland Èkó láti Ọdún 1867

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn ìfòyà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì Mainland Èkó ti ní nípa ètò ìṣọ̀kan ẹ̀sìn, láti ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ wá tẹ̀dó sí Èbúté-Mẹ́tta lẹ́yìn Ìfọ́lé ọdún 1867 títí di àríyànjiyàn lórí híjáàbù ní ọdún 2022. Kókó rẹ̀ ni pé àdéhùn ìṣọ̀kan tí ẹlòmíràn kọ ni ó máa ń ba àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí lẹ́rù ju aládùúgbò tó ń ṣe ẹ̀sìn mìíràn lọ. Ẹ̀rí láti Ìgbóbì, Àkọkà, Ìgànmú àti Yábàá fi hàn pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó mọ ààlà ẹ̀sìn máa ń fìdí múlẹ̀, nígbà tí ìdàpọ̀ tó fẹ́ pa ààlà náà rẹ́ máa ń dá awuyewuye sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí tún yẹ ohun tí ààlà náà ń gbà lọ́wọ́ àwùjọ wò.

Ìfáárà

Òwe méjì ni àwọn Yorùbá sábà máa ń pa bí ọ̀rọ̀ bá kan bí ẹlẹ́sìn kan ṣe yẹ kó máa bá ẹlẹ́sìn mìíràn gbé. Èkíní ni “Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.” Èkejì ni “Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.” Àwọn tó ń pa wọ́n sábà máa ń rò pé ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀. Òwe èkíní sọ pé ibì kan náà ni gbogbo ọ̀nà já sí. Bí ẹnìkan gba ọ̀nà òkè, tí ẹlòmíràn gba ọ̀nà odò, ọjà kan náà ni wọn yóò ná. Òwe èkejì kò sọ ohunkóhun nípa ibi tí ẹyẹ ń lọ. Ohun tó sọ ni pé àyè tó, àti pé kò sí ìdí tí ìyẹ́ ẹyẹ kan yóò fi gbá ti èkejì. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni òwe èkíní ń sọ. Ọ̀rọ̀ àyè ni ti èkejì.

Nínú iṣẹ́ yìí, “ìfàyègbà” ni orúkọ tí a fún ìwà tí òwe èkejì ń kọ́ni: kí ẹlẹ́sìn kan fún ẹlòmíràn láyè láti sin Ọlọ́run bó ti mọ̀ ọ́n. “Ìṣọ̀kan ẹ̀sìn” ni orúkọ èrò tí òwe èkíní gbé ró: pé ọ̀kan ni gbogbo ẹ̀sìn nídìí, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n pàdé nínú ìjọsìn, nínú ẹ̀kọ́ tàbí lábẹ́ àjọ kan. Ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì Mainland Èkó, pàápàá láti ìgbà ìsọjí àwọn ọdún 1970, ni ó gba ìfàyègbà tọwọ́tẹsẹ̀ tí wọ́n sì kọ ìṣọ̀kan ẹ̀sìn. Bí olùwádìí kò bá ya àwọn èrò méjèèjì sọ́tọ̀, yóò rò pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń tako ara wọn nígbà tí wọ́n bá jẹ sàráà ní ilé ẹ̀gbọ́n wọn lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n sì gbàdúrà lòdì sí àjọ ìṣọ̀kan ẹ̀sìn lọ́jọ́ Àìkú.

Apá Èkó tí iṣẹ́ yìí dá lé ni Èbúté-Mẹ́tta, Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin, pẹ̀lú àwọn àdúgbò tó so mọ́ wọn bí Àkọkà, Ìgbóbì àti Ìgànmú. Láàárín agbègbè kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ lára ìjọ ìsọjí tó gbajúmọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ náà sì ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tó fẹ́ fi so àṣà gbogbo ènìyàn dúdú pọ̀.

Ìfọ́lé àti Èbúté-Mẹ́tta

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, àwọn ènìyàn ya bo ilé ìjọsìn àti ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ní Abẹ́òkúta, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì ba ohun tí wọn kò lè kó jẹ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ìtàn ń pè ní Ìfọ́lé. Wọ́n lé àwọn òyìnbó náà kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá tó jẹ́ onígbàgbọ́ sì tẹ̀ lé wọn wá sí Èkó. Gómìnà Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́tta, ní òdìkejì ọ̀sà sí erékùṣù. Ọwọ́ àwọn tó sá nítorí pé wọn kò rí àyè sin Ọlọ́run wọn ni ìdàgbàsókè apá Mainland yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìfọ́lé kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan. Aáwọ̀ ti wà láàárín ìjọba Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lórí owó bodè àti lórí àwọn ọlọ́pàá tí Glover fi sí ojú ọ̀nà ilẹ̀ Ẹ̀gbá. George William Johnson, tó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ìjọba Ẹ̀gbá nígbà náà, jẹ́ Sàró, láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni ó sì ti jáde. Àwọn tí wọ́n sá kò rántí òṣèlú inú ọ̀rọ̀ náà tó bí wọ́n ṣe rántí ilé ìjọsìn tó wó. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn ni pé àyè ìjọsìn jẹ́ ohun tí aláṣẹ lè gbà padà nígbàkigbà tí òṣèlú bá yí.

Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé ìrántí yìí sọ wọ́n di ọ̀tá àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn. Àpẹẹrẹ tó wà níwájú wọn ni ti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Nínú ìwé kékeré rẹ̀ lórí ìrírí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn abọ̀rìṣà àti àwọn Mùsùlùmí, tó jáde ní 1892, ọ̀nà tí Crowther là sílẹ̀ ni ti sùúrù: kí ajíhìnrere fi Ìwé Mímọ́ dáhùn ìbéèrè, kí ó má bú Ànábì, kí ó má sì fi àríyànjiyàn ṣe ìjà. Kò fi ìgbà kan sọ pé ẹ̀sìn méjèèjì dọ́gba. Ìfàyègbà ni ìwà rẹ̀, láìsí ìṣọ̀kan ẹ̀sìn nínú rẹ̀. Edward Wilmot Blyden gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1887, ó yin ẹ̀sìn Ìsìláàmù pé ó bọ̀wọ̀ fún ènìyàn dúdú ju bí àwọn òyìnbó ajíhìnrere ṣe ń ṣe lọ. Láàárín ìgbà Crowther àti ti Blyden ni ìbéèrè tó tún jẹyọ ní gbogbo ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀: ṣé bíbọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn ẹlòmíràn jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú kí ènìyàn dín ohun tí ó gbàgbọ́ kù?

Ìgbóbì àti ìdàpọ̀ tí kò wáyé

Kí ọ̀rọ̀ tó kan Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ti kọ́kọ́ dán ìṣọ̀kan wò láàárín ara wọn. Ní ọdún 1932, ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pawọ́ pọ̀ dá Igbobi College sílẹ̀ ní Yábàá. Ìjọ kọ̀ọ̀kan pa orúkọ, bíṣọ́ọ̀bù tàbí alága, àti ìlànà ìsìn rẹ̀ mọ́. Ilé-ìwé nìkan ni wọ́n jọ ní. Àdéhùn náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-ìwé náà fi la ìgbà ìjọba amúnisìn, ìgbà òmìnira àti ìgbà tí ìjọba gbà á já.

Ìdàpọ̀ tó tóbi jù ú lọ kò rí bẹ́ẹ̀. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian jọ fẹnu kò pé àwọn yóò di ìjọ kan ṣoṣo ní Nàìjíríà, wọ́n sì dá ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1965 fún ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ètò náà dúró, a kò sì gbé e dìde mọ́. Ogbu Kalu, tó kọ ìwé lórí ìtàn náà, tọ́ka sí àìfọkàntánni láàárín àwọn ìjọ, sí ipò àti dúkìá, àti sí bí àwọn ọmọ ìjọ lásán kò ṣe rí ara wọn nínú ohun tí àwọn olórí ti fọwọ́ sí.

Bí a bá gbé Ìgbóbì àti ìdàpọ̀ ọdún 1965 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ wọn fojú hàn. Àwọn ènìyàn kan náà ni, ìgbàgbọ́ wọn sì súnmọ́ra gan-an. Èyí tó fún ìjọ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa jẹ́ ara rẹ̀ ni ó dúró. Bí àwọn tó ń ka Bíbélì kan náà kò bá lè fara mọ́ kí ààlà àárín wọn parẹ́, kò yẹ kó ya olùwádìí lẹ́nu pé ìdàpọ̀ pẹ̀lú àwọn tí ìwé mímọ́ wọn yàtọ̀ yóò bá àtakò pàdé.

Láti agbo ilé sí yàrá tó dojú kọ yàrá

David Laitin, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1986 lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ pé ìdí tí ẹ̀sìn kò fi dá ìjà òṣèlú sílẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá ni pé ìlú baba ẹni lágbára ju ẹ̀sìn ẹni lọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá agbo ilé mu. Nínú agbo ilé, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Àlùfáà mọ́sálásí, kí àbúrò jẹ́ alàgbà ìjọ, kí bàbá wọn sì máa dá Ifá. Ìbátan ni ó mú wọn jókòó sídìí àwo kan ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n agbo ilé kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn Mainland ń gbé.

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tó jà ní Èkó ní àwọn ọdún 1920, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, àjọ yìí sì la ilẹ̀ Yábàá sílẹ̀ fún ilé gbígbé. Ní 1955, ètò wíwó àwọn ilé tó há gádígádí ní àárín erékùṣù bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ìwé tí Peter Marris gbé jáde ní 1961 fi hàn bí ìṣípòpadà yìí ṣe tú ìdè ẹbí àti ti òwò ká. Muṣin ní tirẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ láti ìlú gbogbo ló ya wọ ibẹ̀. Sandra Barnes, nínú ìwé rẹ̀ ti 1986, ṣàlàyé bí àwọn onílé ṣe di olórí àti alágbàwí fún àwọn ayálégbé ní àdúgbò tí kò ní ọba tó ti pẹ́.

Nígbà tí ayálégbé láti Ìjẹ̀bú, Ìlọrin, Oǹdó àti ilẹ̀ Ìgbò bá ń gbé nínú yàrá tó dojú kọ ara wọn, kò sí olórí ẹbí kan tó lè pè wọ́n jọ. Ìjọ, mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ó gba ipò ẹbí. Ìjọ ni ó ń sin òkú, òun ni ó ń bá ọmọ wá ọkọ, òun náà sì ni ó ń yáni lówó ilé. Bí ìjọ bá ti di ilé, ààlà ìjọ di ògiri ilé. Ẹni tó bá ní kí a wó o kò ní dà bí alálàáfíà lójú àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ìdí kan nìyí tí ìfòyà ìṣọ̀kan fi lágbára ní Muṣin àti Sùúrùlérè ju bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú inú ilẹ̀, níbi tí agbo ilé ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ìwádìí tí Insa Nolte, Olúkọ̀yà Ògèn àti Rebecca Jones ṣe àkójọ rẹ̀ lórí ìlú Ẹdẹ ní 2017 fi apá kejì hàn: níbẹ̀, ìdílé àti ààfin ṣì jẹ́ ibi tí ẹlẹ́sìn gbogbo ti ń pàdé.

Àkọkà àti Ìgànmú

Ní 1973, William Kúmúyì, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú ènìyàn 15. Ibẹ̀ ni Deeper Life ti jáde. Ní Èbúté-Mẹ́tta, Josiah Akíndayọ̀mi, tó ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, ti dá Redeemed Christian Church of God sílẹ̀ ní 1952. Enoch Adébóyè, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Àkọkà, gba ipò rẹ̀ ní 1981. Ní 1989, Daniel Olúkọ̀yà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn ní Yábàá, bẹ̀rẹ̀ Mountain of Fire and Miracles, tí oríkò rẹ̀ wà ní Oníkẹ̀, Yábàá. Ìwé Matthews Òjó àti ti Ruth Marshall ti ṣàlàyé ìsọjí yìí dáadáa. Ohun tó kan iṣẹ́ yìí ni ẹ̀kọ́ ìyàsọ́tọ̀ tí ìjọ wọ̀nyí fi lélẹ̀: pé ẹni tó di àtúnbí ti kúrò nínú májẹ̀mú àtijọ́, kò sì gbọdọ̀ padà sínú rẹ̀ lọ́nàkọnà. Jòhánù 14:6, tó pe Jésù ní ọ̀nà, di ìdáhùn tààrà sí òwe “Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.”

Ìgbà tí ẹ̀kọ́ yìí ń gbilẹ̀ gan-an ni ìjọba àpapọ̀ gbé FESTAC wá sí àdúgbò kan náà. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 ni ayẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ ní pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè. Ọjọ́ 12 oṣù kejì ni ó parí. Àwọn aṣojú láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 pé jọ, gbọ̀ngàn National Theatre ní Ìgànmú sì di ojúkò ìdárayá àti àfihàn ọnà. Àmì ayẹyẹ náà ni ìbòjú eyín erin ti Ìyáàfin Idia ti Benin, tí ojúlówó rẹ̀ wà ní British Museum.

Lójú ìjọba, àṣà ni FESTAC, àṣà sì jẹ́ ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ohun yòówù kí ẹ̀sìn wọn jẹ́. Lójú àwọn oníwàásù ìsọjí, ìtúláyé àti ìlù òrìṣà kì í ṣe àṣà lásán, ìjọsìn ni. Wọ́n ní ìjọba ti pe àwọn òrìṣà padà sí ilẹ̀ náà lórúkọ gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tọ́ka sí ọdún 1977 fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà bí orísun ìṣòro orílẹ̀-èdè. Ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ìbéèrè pàtàkì kan wà nínú rẹ̀: ta ni ó láṣẹ láti sọ pé ohun báyìí jẹ́ àṣà, pé ohun báyìí sì jẹ́ ẹ̀sìn? Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fúnra wọn lè béèrè rẹ̀, nítorí bí ẹnìkan bá pe ohun tí wọ́n ń bọ ní eré ìdárayá, ó ti rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ìṣọ̀kan láti ọwọ́ ìjọba

Láàárín 1976 àti 1999, ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ẹ̀sìn bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ní 1976 ni wọ́n dá Christian Association of Nigeria (CAN) sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1977 àti 1978, àríyànjiyàn lórí ilé ẹjọ́ Ṣàríà gba ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin ìpìlẹ̀ kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1986, ìròyìn tàn pé ìjọba Babangida ti sọ Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ OIC, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìsìláàmù, láìsí ìjíròrò ní gbangba. Ẹ̀rù ọdún 1867 tún padà: aláṣẹ ti pinnu nípa ẹ̀sìn ní ìkọ̀kọ̀.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn Kafanchan ní oṣù kẹta ọdún 1987, ìjọba yìí kan náà dá ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn lórí ẹ̀sìn sílẹ̀, kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lè máa jókòó sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò lè tẹ̀ síwájú, nítorí ọ̀rọ̀ OIC ṣì wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, wọ́n dá Nigeria Inter-Religious Council (NIREC) sílẹ̀: Mùsùlùmí 25, Kìrìsìtẹ́nì 25, pẹ̀lú Sùlútáànù Ṣókótó àti ààrẹ CAN gẹ́gẹ́ bí alága méjì. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni gómìnà Zamfara kéde Ṣàríà ní Gusau. Ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ní Èkó wo ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì béèrè ohun tí àpérò wúlò fún bí agbára òfin bá wà níbòmíràn.

Àléébù mìíràn wà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì kì í sábà mẹ́nu bà: kò sí àga kan fún ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nínú NIREC. Àjọ tó ń jẹ́ ti gbogbo ẹ̀sìn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yíyọ ẹ̀sìn tó pẹ́ jù kúrò. Ẹni tó ń ké pé ẹlòmíràn ń kọ àdéhùn fún òun gbọ́dọ̀ rí i pé òun náà wà lára àwọn tó kọ àdéhùn fún ẹlòmíràn.

Chrislam àti Abu Dhabi

Ìgbìyànjú mìíràn wá láti ìsàlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Tela Tella dá Ìfẹ́olúwa sílẹ̀ ní Èkó; ní 1999, Samsindeen Saka dá Òkè Túdè sílẹ̀. Bíbélì àti Kùránì ni wọ́n ń lò pọ̀, èyí ni àwọn ènìyàn fi ń pe irú ìjọsìn bẹ́ẹ̀ ní Chrislam. Marloes Janson, tó ti ṣe ìwádìí láàárín wọn, sọ pé ohun tó ń fa àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ni ìlera, ọmọ, iṣẹ́ àti àlàáfíà, àti pé ààlà tí àwọn onímọ̀ ń fà láàárín ẹ̀sìn kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ará Èkó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rí i pẹ̀lú pé àwọn aṣáájú Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ kọ Chrislam. Orí kíkọ̀ ìdàpọ̀ ni ohùn wọn ti ṣọ̀kan.

Nígbà tí Póòpù Francis àti Ìmáámù Àgbà Al-Azhar, Ahmed el-Tayeb, fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́-ará ọmọnìyàn ní Abu Dhabi ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2019, tí wọ́n sì ṣí ilé tó kó ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti sínágọ́gù sí ọgbà kan níbẹ̀ ní 2023, ọ̀pọ̀ oníwàásù ìsọjí kà á sí àmì ẹ̀sìn kan ṣoṣo tí yóò gba ayé kan ní ìgbà ìkẹyìn. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wo ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ gan-an: ilé mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìsìn tirẹ̀. Ètò náà súnmọ́ Ìgbóbì ju Òkè Túdè lọ. Ìfòyà tí kò bá fara balẹ̀ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín aládùúgbò àti agbapò.

Àga ìkàwé

Ilé-ìwé ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ ènìyàn jù. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ìwé àwọn ìjọ. Ní 2001, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Bọ́lá Tinúbú, gómìnà tó jẹ́ Mùsùlùmí, dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, Igbobi College sì wà lára wọn. Ní Ọ̀ṣun, orúkọ ìjọ ṣì wà lára ògiri ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni àṣẹ wà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dájọ́ lórí híjáàbù ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ akọrin lọ sí Baptist High School ní Ìwó láti fèsì. Ní 2021, ọ̀rọ̀ kan náà ti ilé-ìwé kan pa ní Ìlọrin. Ní Èkó, ẹjọ́ híjáàbù lọ láti ilé ẹjọ́ gíga ní 2014 dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 2016, ó sì parí ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, tó dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí láre. Awuyewuye wà, ṣùgbọ́n kò bẹ́ sí ojú títì bíi ti Ìwó. Ìdí kan ni pé ìjọ tó fẹ́ ìlànà tirẹ̀ ti gba ilé-ìwé rẹ̀ padà, ilé-ìwé ìjọba sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láìsí àdàpọ̀ orúkọ. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò.

Àlàáfíà yìí gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ilé-ìwé tí ìjọ gbà padà ń gba owó. Ọmọ télọ̀ ní Muṣin, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe Kìrìsìtẹ́nì, tó ti lè jókòó sí Ìgbóbì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìgbà Jákàńdè, kò rí àga mọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí òbí wọn rówó san ń dàgbà láàárín àwọn tó jọ wọ́n. Àjọjókòó tó ń kọ́ ọmọdé ní ìfàyègbà láìsí ìwàásù ti dín kù.

Àyẹ̀wò àti ìkádìí

Ìtàn yìí fi hàn pé ìfòyà àwọn Kìrìsìtẹ́nì Mainland ní ìdí. Ìfọ́lé, ọ̀rọ̀ OIC àti ayẹyẹ Ìgànmú jẹ́ ìgbà mẹ́ta tí aláṣẹ pinnu lórí ẹ̀sìn láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìgbóbì náà jẹ́ ẹ̀rí pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó fi ààlà sílẹ̀ lè pẹ́. Ẹni tó bá ń pe gbogbo àtakò sí ìṣọ̀kan ẹ̀sìn ní ìkórìíra kò ka ìtàn náà tán.

Ṣùgbọ́n ìfòyà yìí ti ń kọjá àyè rẹ̀. Nígbà tí ìwàásù nípa ìdè ìpìlẹ̀ bá kọ́ ènìyàn láti máa wo ìyá àgbà rẹ̀ bí orísun ègún, tàbí láti má jẹ ẹran Iléyá ní ilé àbúrò rẹ̀, ohun tó ń bàjẹ́ ni ìfàyègbà gan-an, èyí tí àwọn ará Èbúté-Mẹ́tta sá wá bá. Ìfòyà ọdún 2022, nígbà tí CAN tako bí Tinúbú ṣe yan Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ láti bá a díje, tún fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe díjú hàn. Òun ni gómìnà tó dá ilé-ìwé padà fún ìjọ. Ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ní Redeemed. Àwọn tó ń ṣàníyàn pé agbára orílẹ̀-èdè yóò wà lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn kan ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Àwọn tó sọ pé ilé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìfàyègbà náà kò purọ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò àpérò láàárín ẹ̀sìn jáwọ́ nínú wíwá ọjà kan tí gbogbo ọ̀nà já sí, kí wọ́n sì dojú kọ ọ̀rọ̀ àyè: ilé-ìwé, ilẹ̀ ìsìnkú, ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti àga fún ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Àwọn ìjọ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọn yóò ṣe nípa ọmọ tálákà tí ilé-ìwé wọn kò gbà mọ́. Fún àwọn olùwádìí, iṣẹ́ tó kù pọ̀ nínú ìwé ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ onílé ní Muṣin àti Sùúrùlérè. Níbẹ̀ ni Àlùfáà àti Pásítọ̀ ti ń jọ pinnu lórí gọ́tà, ẹ̀ṣọ́ òru àti àkókò tí ìlù yóò dákẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ èkejì pé kí ó yí ohun tó gbàgbọ́ padà.